RSS: Ẹ̀rọ tó ń bá ìkànnì wá ìròyìn tuntun, láti California dé Dakar àti Èkó

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni fóònù dún lórí tábìlì mi nínú ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìkẹjà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì ni, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ìkànnì ìròyìn náà kò sì ju mẹ́rin lọ.

Obìnrin kan ló pè. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi rèé tí wọ́n ń mu ẹ̀kọ níwájú mi. Kí ló dé tí ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ti kú?"

Òṣèré àgbà ni bàbá rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ wọ́n. Mo yára ṣí ojú òpó wa, mo sì rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ìròyìn ikú bàbá náà wà níbẹ̀, àwòrán wọn sì wà lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kọ ọ́. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó kà á.

Ẹ̀rọ ló gbé e wá. Ìwé ìròyìn kan ló gbé irọ́ náà jáde lóru, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá wa kó ìròyìn jọ ti gbé tirẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Ní ti ìwé ìròyìn yẹn, ọ̀rọ̀ ti tán. Lójú òpó tiwa, bàbá tó ń mu ẹ̀kọ ṣì jẹ́ olóògbé.

Ohun tí ètò kọ̀ǹpútà yẹn ń lò ni wọ́n ń pè ní RSS. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ka ìròyìn lórí fóònù lónìí ni kò gbọ́ orúkọ yìí rí, síbẹ̀ kò sí bí wọ́n ṣe lè máa ka ìròyìn lórí ayélujára fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n má jẹ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ jẹ mọ́ ìbéèrè kan tó ti ń yọ àwọn oníròyìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́nu láti ìgbà òmìnira: ta ló ń gbé ìròyìn wa kiri, ta ló sì máa dáhùn fún un?

Kí ni RSS gan-an?

Ìkànnì tó bá ní RSS máa ń ní fáìlì kékeré kan tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe èèyàn.

Ohun tó wà nínú fáìlì náà kò pọ̀: àkọlé ìròyìn, àlàyé ṣókí, ọjọ́ àti àkókò tó jáde, àti líǹkì tó máa gbé èèyàn lọ síbi tí odindi ìròyìn náà wà. Bí ìròyìn tuntun bá jáde, àkọlé rẹ̀ á bọ́ sí òkè, èyí tó ti pẹ́ jù á sì jábọ́ nísàlẹ̀. Fíìdì ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pè é.

Níbòmíràn, wọ́n á ti ṣètò kọ̀ǹpútà mìíràn pé kó máa lọ yẹ fáìlì yìí wò lóòrèkóòrè, bóyá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó dà bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń rán lọ sẹ́nu ọ̀nà pé kó lọ wò ó bóyá àlejò ti dé. Bí kò bá rí nǹkan tuntun, á padà lọ́wọ́ òfo. Bó bá rí i, á gbé e wálé.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ìkànnì lẹ́ẹ̀kan náà ni a máa pè ní akóròyìnjọ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lò ó. Àkọ́kọ́ ni ti òǹkàwé: dípò kó máa ṣí ìkànnì ogún lọ́kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, akóròyìnjọ á to àkọlé gbogbo wọn síwájú rẹ̀ lójú kan. Èkejì ni ti oníkànnì: á ní kí ẹ̀rọ máa gbé àkọlé àwọn ẹlòmíràn sójú òpó tòun, kí àlejò má baà dé kó má rí nǹkan tuntun.

Ìkànnì tí nǹkan tuntun kì í sí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì ìjẹta. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí nǹkan kan kò ní wá lẹ́ẹ̀kẹta. Google pàápàá máa ń padà yẹ ìkànnì tó ń yí padà lóòrèkóòrè wò ju èyí tó dákẹ́ lọ.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníkànnì fi rí RSS bí ìrànlọ́wọ́ ńlá. Ó dà bí oko tó ń so láìjẹ́ pé a roko.

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, báwo ni ìròyìn Accra ṣe ń dé Èkó?

Ọ̀rọ̀ bí ìròyìn ṣe ń ti ibìkan dé ibòmíràn ti wà nílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa ìkànnì.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1957, ìyẹn ọjọ́ kan kí Ghana tó gba òmìnira, ni wọ́n dá Ghana News Agency sílẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà dá News Agency of Nigeria, tí a mọ̀ sí NAN, sílẹ̀ ní 1976, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1978.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Láyé ìgbà náà, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní Accra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ Reuters ní London tàbí AFP ní Paris ni oníwèé ìròyìn ní Èkó á ti gbọ́ ọ. Ìròyìn aládùúgbò á kọ́kọ́ rin ìrìnàjò lọ sí Yúróòpù kó tó padà wá bá aládùúgbò. Ẹni tó bá sì gbé ìròyìn lọ́nà ló máa ń pinnu ohun tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀.

Nítorí èyí ni àjọ OAU, tó ti di AU lónìí, ṣe pinnu ní 1979 láti dá Pan-African News Agency, PANA, sílẹ̀. Wọ́n fi olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sí Dakar ní Senegal, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1983.

Ní 1980, láàárín ìgbà tí wọ́n pinnu àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ kan tí UNESCO gbé kalẹ̀ lábẹ́ Seán MacBride, ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ohun tó wà lọ́kàn àbọ̀ náà ni pé ìròyìn tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè olówó wá sọ́dọ̀ àwọn tó kù pọ̀ púpọ̀ ju èyí tó ń lọ láti ọ̀dọ̀ tiwọn lọ.

Bí PANA ṣe ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ohun tí RSS padà wá ń ṣe. Iléeṣẹ́ ìròyìn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, PANA á kó gbogbo rẹ̀ jọ, á sì pín in padà fún wọn. Ẹni tó wà ní Èkó á lè gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lomé tàbí Bamako láìgba London kọjá.

Ṣùgbọ́n ìṣòro méjì bá a jà. Owó kò tó, torí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò san ìdá tiwọn bó ṣe yẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ wà, ohun tí ìjọba kò bá sì fẹ́ kí aráyé gbọ́ kò rọrùn kó gba ibẹ̀ jáde.

Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí kò gbówó lórí, tí kò sí lọ́wọ́ ìjọba kankan, tí iléeṣẹ́ ìròyìn kékeré pàápàá lè fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ọ̀nà náà máa jáde, ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fojú sí ló ti wá.

Ọdún 1999: Bí RSS ṣe dáyé

Ní àárín àwọn ọdún 1990, Netscape ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Búráúsà iléeṣẹ́ náà, tó wà ní California ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń ṣí ìkànnì.

Nígbà tó máa di 1999, iléeṣẹ́ náà ní ojú òpó kan tí wọ́n ń pè ní My Netscape, níbi tí oníkálukú ti lè yan irú ìròyìn tó fẹ́ rí. Ìṣòro wọn ni bí wọ́n á ṣe máa rí ohun tuntun kó síbẹ̀ láti oríṣiríṣi ìkànnì, láìgba èèyàn rẹpẹtẹ síṣẹ́ tí á máa tẹ̀ ẹ́.

Dan Libby àti Ramanathan Guha, tí àwọn méjèèjì ń bá Netscape ṣiṣẹ́, ló wá ojútùú sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999 ni ẹ̀dà RSS àkọ́kọ́ jáde.

Láti ọjọ́ kìíní ni àdéhùn kan ti wà nínú rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Olóhun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fáìlì náà, òun ló sì ń pinnu ohun tó máa wà níbẹ̀. My Netscape á rí àkọlé tuntun fi dára, olóhun náà á sì rí àlejò tí líǹkì máa gbé wá bá a. Ìwọ gba àkọlé, èmi gba àlejò.

Ẹ jẹ́ ká rántí àdéhùn yìí, torí bó ṣe bàjẹ́ ni apá kejì ìtàn náà.

Kò pẹ́ tí Netscape fi kúrò níbẹ̀. AOL ti ra iléeṣẹ́ náà, ọkàn àwọn ọ̀gá tuntun kò sì sí lọ́dọ̀ RSS. Nígbà tó fi máa di 2001, My Netscape fúnra rẹ̀ kò gbà á mọ́.

Àwọn ẹlòmíràn ti gbé iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Apá kan tẹ̀lé Dave Winer, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní California, tó ní kí RSS rọrùn débi tí ẹnikẹ́ni á fi lè kọ ọ́. Apá kejì fẹ́ kó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè gbé oríṣiríṣi nǹkan.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2000 nìkan, apá méjèèjì gbé ẹ̀dà tiwọn jáde. Lára àwọn tó wà ní apá kejì ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aaron Swartz. Ọmọ ọdún 14 ni.

Wọn kò tilẹ̀ fẹnu kò lórí ohun tí lẹ́tà mẹ́ta náà dúró fún. Àwọn kan ní RDF Site Summary ni, àwọn kan ní Rich Site Summary. Èyí tí ayé padà wá mọ̀ jù ni Really Simple Syndication, tó túmọ̀ sí ọ̀nà tó rọrùn gan-an láti pín ìròyìn kiri.

Winer gbé RSS 2.0 jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002. Ní oṣù Keje ọdún tó tẹ̀lé e, ó fi í sábẹ́ ibùdó Berkman ní yunifásítì Harvard, kó má baà jẹ́ ti iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn ṣe irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Atom, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2005. Lónìí, akóròyìnjọ tó bá lè ka ọ̀kan máa ń lè ka èkejì.

Ìwé ìròyìn New York Times bẹ̀rẹ̀ sí í lo RSS ní 2002, ọ̀pọ̀ sì tẹ̀lé e. Àmì pupa rẹ́súrẹ́sú bí ọsàn tó pọ́n, tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò nínú búráúsà Firefox, ni Microsoft náà gbà ní ìparí ọdún 2005, ó sì di àmì tí wọ́n fi ń dá RSS mọ̀ káàkiri àgbáyé.

Ohun tí PANA ń wá ti dé: ọ̀nà tí kò sí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ kankan tó ni ín.

Láti Dakar sí gbogbo àgbáyé

Ní 1973, àwọn kan dá Africa News Service sílẹ̀ ní Durham, ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ará ibẹ̀ lè máa gbọ́ ìròyìn ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tó di 2000, méjì lára wọn, Reed Kramer àti Tamela Hultman, dára pọ̀ mọ́ Amadou Mahtar Ba, tó ti bá PANA ṣiṣẹ́ ní Dakar, láti dá AllAfrica sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti wá ìròyìn ilẹ̀ Áfíríkà lórí Google rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá AllAfrica pàdé. Ìròyìn ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń gba ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n kàn rán ẹ̀rọ lọ kó o: wọ́n bá àwọn iléeṣẹ́ náà ṣe àdéhùn, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé ìròyìn jáde sì máa ń wà lókè rẹ̀.

AllAfrica fúnra rẹ̀ wá ń pín àkọlé pẹ̀lú RSS. Bí ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan ní London tàbí Houston bá ní ìkànnì, wọ́n lè fi àkọlé ìròyìn ilé sí ẹ̀gbẹ́ ojú òpó wọn. Ẹni tó bá tẹ àkọlé náà á bá odindi ìròyìn níbi tó wà. Àdéhùn ti Netscape ṣì dúró: ìwọ gba àkọlé, èmi gba àlejò.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, àwọn oníbúlọ́ọ̀gì láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣe ìpàdé kan ní Harvard, ibẹ̀ sì ni Global Voices ti jáde. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń fi akóròyìnjọ ka ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀gì, wọ́n á ṣa èyí tó ṣe pàtàkì, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí. Ndesanjo Macha, ọmọ Tanzania tó ń kọ búlọ́ọ̀gì lédè Swahili, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí fún ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹ wo ètò iṣẹ́ náà dáadáa: ẹ̀rọ á kó o jọ, èèyàn á ṣà á.

Ní 2007, Afrigator bẹ̀rẹ̀ ní South Africa. Búlọ́ọ̀gì ilẹ̀ Áfíríkà ni òun ń kó jọ, tó fi mọ́ ti Nàìjíríà, nígbà tí kò rọrùn fún oníbúlọ́ọ̀gì ní ìlú kan láti mọ̀ pé ẹnì kan ń kọ̀wé ní ìlú kejì.

Bí àdéhùn ṣe bàjẹ́

Ní Nàìjíríà, fóònù GSM dé ní 2001. Okùn abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ èèyàn, káfẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì wà: ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, ẹ jókòó, ojú ewé kan á sì jẹ ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó ṣí.

RSS wúlò níbẹ̀ gan-an, torí ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú fáìlì náà, kò sí àwòrán tó wúwo. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè rí àkọlé ìwé ìròyìn mẹ́wàá kí ẹnì kejì rẹ̀ tó ṣí ẹyọ kan.

Nǹkan méjì mìíràn wọlé ní 2003. WordPress jáde, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ìkànnì, tó sì máa ń ṣe fáìlì RSS fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. Google náà sì bẹ̀rẹ̀ AdSense, ètò tó ń san owó ìpolówó fún ẹni tó bá ní ìkànnì tí èèyàn ń wá sí.

Nígbà tí okùn MainOne gúnlẹ̀ ní Èkó àti Accra ní 2010, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ìkànnì ìròyìn tuntun pọ̀ bí ewé. Kò ṣòro mọ́. Ẹ gbé WordPress kalẹ̀, ẹ fi ètò bíi FeedWordPress kún un, ẹ kọ àdírẹ́sì fíìdì ọgbọ̀n sínú rẹ̀, ẹ lọ sùn. Kí ẹ tó jí, ìkànnì ti kún.

Ibi tí àdéhùn ti bàjẹ́ nìyí. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn kan ń fi odindi ìròyìn sínú fáìlì RSS wọn, torí wọ́n fẹ́ kí òǹkàwé tí dátà rẹ̀ kò tó gbádùn rẹ̀. Akóròyìnjọ kì í béèrè ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Odindi ló ń gbé. Òǹkàwé á ka gbogbo rẹ̀ lójú òpó ẹni tó gbé e, kò sì ní ìdí kankan láti tẹ líǹkì mọ́.

Akọ̀ròyìn kan á wọ mọ́tò lọ sí Màídúgúrì, á fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, á bá àwọn tí ogun lé kúrò nílé sọ̀rọ̀, iléeṣẹ́ rẹ̀ á sì san owó ọkọ̀ àti owó ilé ìtura. Ẹni tó sùn sílé rẹ̀ ní Èkó ló máa gba owó ìpolówó.

Ní oṣù Kejì ọdún 2011, Google ṣe àtúnṣe kan tí wọ́n pè ní Panda, láti ti àwọn ìkànnì tí kò ní nǹkan tiwọn sẹ́yìn. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn náà gé fíìdì wọn kúrú, ó ku àkọlé àti ìlà méjì. Ẹni tí èyí sì pa lára jù ni òǹkàwé tó ń fi RSS kàwé wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá wa ní Ìkẹjà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní owó epo jẹnẹrétọ̀ láti san, ó ní owó oṣù èèyàn mẹ́rin, ẹni tó ń polówó sì ń béèrè iye èèyàn tó ń wá sójú òpó wa. Kò sí bí èèyàn mẹ́rin ṣe lè kọ ìròyìn tó máa tó o. Ó wá ní kí ẹ̀rọ bá wa kún un.

Aṣọ àgbàbọ̀ra kì í yẹni. Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí obìnrin yẹn pè, a kò mọ̀ pé ti wa ti ya.

Ọdún 2013: Nígbà tí Google ti ilẹ̀kùn

Akóròyìnjọ tí àwọn òǹkàwé lò jù ni Google Reader, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára débi pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a díje kógbá wọlé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, Google kéde pé òun máa pa á. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún náà, ó kógbá sílé. RSS kò ní olówó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lò ó ní olówó.

Lọ́dún kan náà ni Twitter ṣíwọ́ fífi RSS sílẹ̀ fún àwọn ètò tó ń bá a ṣiṣẹ́. Firefox, tó kọ́kọ́ lo àmì ọlọ́sàn yẹn, yọ RSS kúrò nínú búráúsà rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2018.

Ibi tí àwọn òǹkàwé lọ ni Facebook, tó ti ní ojú ewé ìròyìn tirẹ̀ láti 2006. Lójú, àwọn méjèèjì jọra: nǹkan tuntun ń yọ lókè, ti àná ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú RSS, òǹkàwé ló ń yan ẹni tó fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ohun tí ẹni náà bá sì sọ ló máa rí. Lórí Facebook, iléeṣẹ́ náà ló ń pinnu èyí tó máa kọ́kọ́ yọ àti èyí tí kò ní yọ rárá.

Ohun tí àwọn tó dá PANA sílẹ̀ sá fún ti padà dé. Ọ̀pọ̀ ìròyìn tó ń ti Accra bọ̀ wá sí Èkó lónìí ló ń kọ́kọ́ gba California kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pinnu bóyá ó ṣe pàtàkì.

Ṣé RSS ti kú?

Rárá o. Bí ẹ bá ń gbọ́ pọ́díkáàsì, RSS ló sábà máa ń gbé e wá fún yín. Láti ìparí ọdún 2000 ni Winer ti ṣe é kí fáìlì náà lè tọ́ka sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ pọ́díkáàsì ṣì ń lò títí di òní nìyẹn.

WordPress náà ṣì ń ṣe fáìlì RSS. Lójú ọ̀pọ̀ ìkànnì tí wọ́n fi í ṣe, ẹ kọ "/feed" sí ìparí àdírẹ́sì, ẹ máa rí i.

Ní ti òfin, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ní olówó. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Berne kò dáàbò bo ìròyìn ojoojúmọ́ lásán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn fi sọ ọ́ àti àwòrán tó yà ní olóhun. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tuntun ti Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fún olóhun ní ọ̀nà láti kọ̀wé pé kí wọ́n yọ nǹkan rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Òfin lè gba ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n kọ ìròyìn nípa rẹ̀ ló tún kù.

"Ẹ̀rọ ni, mà"

Mo yọ ìròyìn náà kúrò lójú ẹsẹ̀, mo sì kọ àtúnṣe. Obìnrin náà ṣì wà lórí fóònù.

"Ta ló kọ ọ́ gan-an?" ló béèrè.

"Ẹ má bínú, mà. Kò sí ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀rọ ni, mà."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Bí mo bá dé ọ́fíìsì yín, ṣé ẹ̀rọ ni mo máa bá sọ̀rọ̀ ni?"

N kò ní èsì kankan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì pa fóònù.

Lọ́jọ́ náà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ọ̀gá wa jókòó. Ọ̀gá kọ́kọ́ ní ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ gbé irọ́ náà ló jẹ̀bi. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ti yọ tiwọn ní òru. Àwa tí kò mọ̀ pé a gbé e, kí la máa yọ?

A kò pa akóròyìnjọ náà. A kàn mú un kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Dípò kó máa gbé ìròyìn tààrà sójú òpó, ó ń gbé e wá sí ojú ewé kan tí àwa nìkan ń rí. Ẹni kan nínú wa á kà á, á pe ẹni tó yẹ kó pè, á sì kọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìròyìn ẹlòmíràn la fẹ́ lò, àkọlé àti líǹkì nìkan la máa gbé, bí àwọn tó dá RSS sílẹ̀ ṣe fẹ́ kó rí.

Ó ní ohun tó ná wa. Ìròyìn tó ń jáde lójúmọ́ dín kù gan-an, àwọn tó ń wá sójú òpó wa náà sì dín kù fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀gá kò láyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò ní ká dá a padà.

Mo ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, mo sì ń lo RSS títí di òní. Láràárọ̀, kí n tó mu tíì, mo máa ń ka àkọlé láti Èkó, Àbújá, Accra, Dakar àti Cotonou lójú kan, láìsí iléeṣẹ́ kankan tó ń bá mi yàn. N kò tíì rí ohun tó dára jù ú lọ láti fi gbọ́ ohun tó ń lọ.

Bí mo bá sì rí ìròyìn ikú ẹnì kan níbẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ pe àwọn ẹbí.